Ẹyọ Atare Tó Dín ní Apòmù

Ìṣirò ló dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà Apòmù. Ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ni pé àwọn ọlọ́jà pàtẹ atare ní òkìtì òkìtì, igba ẹyọ ní òkìtì kan. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821. Wọ́n ka ọ̀kan nínú òkìtì náà, wọ́n bá mọ́kàndínnígba. Ẹni tó ń rà ní kò pé, ẹni tó ń tà ní ó pé. Ọ̀kan jẹ́ ará Òwu, èkejì ará Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ìjà di ogun tó tú ìlú Òwu ká. Ká má tan ara wa o, atare nìkan kọ́. Jíjí ènìyàn gbé tà ní ọjà yẹn, àti ìkùnsínú tó wà láàárín Ifẹ̀ àti Òwu, ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹyọ atare kan ni wọ́n rí tọ́ka sí.

Mo fi ìtàn yìí ṣíde nítorí pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń gbà sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé tí wọ́n bá pè lórí bí yunifásítì ṣe lè fi dátà ran àwọn òwò kéékèèké lọ́wọ́, tó máa ń bí mi nínú. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ọlọ́jà wa kò mọ ìṣirò, pé ọmọ ilé-ìwé ló fẹ́ wá kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Apòmù mọ̀ bí ẹyọ kan bá dín nínú igba. Èdè tí à ń sọ yìí, ọjà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan. Ogójì owó ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Ẹlẹ́mu tó ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri fún oníbàárà tó ń mu àwìn ti ní ìwé gbèsè kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Alájọ tó ń fi bírò sàmì sórí káàdì ní àràárọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí báńkì ń gbowó ńlá lé lórí. Ìṣirò kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni àkọsílẹ̀ tó máa dúró di ọdún tó ń bọ̀, àti ẹni tó máa jókòó ti ọlọ́jà kà á.

Ọ̀rọ̀ "dátà" gan-an tún ń dójú ti ara rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá kan ní Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pé kó fi dátà tún òwò rẹ̀ ṣe, ó máa bi yín pé ti MTN ni àbí ti Airtel, gígà mélòó. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ni mo máa pè é níbí: ohun tí a rí, tí a kà, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì lè padà wò.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò kéré. SMEDAN, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 2003 fún àwọn òwò kéékèèké, àti NBS, iléeṣẹ́ tó ń ka nǹkan fún ìjọba, jọ ka òwò wọ̀nyí ní 2017. Wọ́n rí mílíọ̀nù 41.5. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2021, lẹ́yìn tí Kòrónà ti jẹ nínú rẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 39.6. Nínú ìyẹn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 38 ni òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ tó bá ti ilé-ìwé dé.

Irú wọn ni mo lọ bá ní Ìkirè. Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá èyí tí èèyàn máa gé dín, tó ti dúdú lára, tó ń rọ̀ lọ́wọ́, òun ni wọ́n máa ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á ṣù ú, tí wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ìlú mìíràn máa dà nù ni Ìkirè sọ di ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń wá ọgbọ́n tuntun nínú òwò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìyá tí mo bá lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkòkò irin kan, agbada kan, tábìlì kan, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo kí i pé ẹ kú ọjà, ó ní ọjà á tà. Mo jókòó sórí àga onírọ́bà, mo sì bi í pé, "Màmá, èló lẹ máa ń jẹ lérè lórí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Ọlọ́run ló ń ka èrè. Bí mo bá ti dín in tán, tí mo rí owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn, tí mo rí owó epo, táwọn ọmọ sì jẹun, èrè nìyẹn."

Ẹ má fi ìdáhùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìlànà kan: bí ojú owó kò bá dín, tí ẹnu sì jẹ, òwò ṣì ń lọ. Ìlànà yẹn ti tọ́ ọmọ yanjú ní ilé púpọ̀. Àmọ́ ìgbà tí iye ọjà bá dúró sójú kan ló ń ṣiṣẹ́ jù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ láti oko kò dúró sí iye kan mọ́. Ìyá á ta ọjà tán lónìí, á kó owó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lọ́la, ìgbà yẹn ló máa tó mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè lánàá.

Mo bi í bóyá ó ní ìwé. Ó ní. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú un wá, ìwé ilé-ìwé tí epo ti rin ní igun. Orúkọ àwọn ajẹgbèsè ló kún inú rẹ̀, iye wà níwájú orúkọ, wọ́n fi ìlà pa ẹni tó ti san. Àwìn nìkan ló ní ìwé. Èyí tó tà lówó, èyí tó bàjẹ́, èyí táwọn ọmọ jẹ, èyí tó fi tọrẹ fún ìyàwó pásítọ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ká ní ó ra ìdì mẹ́wàá. Ká ní mẹ́jọ di dòdò, ọ̀kan jẹrà nítorí òjò tó rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ọ̀kan sì di oúnjẹ ilé. Lójú tirẹ̀, ìdì mẹ́wàá ló mú owó wọlé, bí owó bá sì kéré, epo ló máa fẹ̀sùn kàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí òwò dòdò Ìkirè fi ju òwò gààrí lọ ní ewu. Bí wọ́n bá fi oṣù mẹ́ta kọ ohun mẹ́rin péré sílẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí a rà, èyí tí a dín, èyí tó bàjẹ́, bóyá òjò rọ̀, ìwé náà fúnra rẹ̀ máa sọ iye ìdì tó yẹ kí ó rà ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Kò gba kọ̀ǹpútà. Ó gba bírò àti ẹni tó máa jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní ìparí oṣù.

Pé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àbá lásán. Ní Kenya, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Lori Beaman, Jeremy Magruder àti Jonathan Robinson, wo ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀: oníbàárà dé, owó ńlá ló mú wá, kò sí ṣéńjì, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ọlọ́jà ń pàdánù lórí èyí tó ìdá márùn-ún sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ṣéńjì ba ọjà jẹ́ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ìbéèrè yẹn nìkan mú kí ìpàdánù náà dín kù ní nǹkan bí ìdámẹ́ta, nítorí pé àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà jáde ní 2014. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà di ohun tí a ń tò sí báńkì fún.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ Kenya yìí ni pé àwọn tó ń béèrè padà wá. Èyí ni yunifásítì wa kì í sábà ṣe. Mo bi ìyá onídòdò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti wá bá a rí. "Wọ́n ń wá. Wọ́n á mú ìwé jáde, wọ́n á bi mí ní ọjọ́ orí mi, wọ́n á bi mí bóyá mo lọ sílé-ìwé, wọ́n á ní Màmá ẹ ṣé. N kì í fojú kàn wọ́n mọ́." Ilé-ìwé wo ni wọ́n ti wá, kò rántí. Gbogbo ẹni tó bá ti gba oyè nílẹ̀ yìí mọ ohun tó ń sọ, èmi náà ti pín ìwé ìbéèrè rí ní ọjà kan, mo kó o jọ, mo kọ iṣẹ́ àkànṣe mi, wọ́n fún mi ní máàkì. Àwọn tó dá mi lóhùn kò gbọ́ ohunkóhun títí dòní. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ pàápàá ti gbé dòdò Ìkirè wọ láàbù, wọ́n ti wo bí iná àti àkókò ṣe ń yí i padà nínú epo. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló wà. Dòdò ti lọ sí yunifásítì. Kò tíì padà délé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbègbè yìí ti rí àpẹẹrẹ tó dáa. Ní 1969, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Isoya àti àwọn abúlé tó yí i ká, lẹ́yìn ìlú Ifẹ̀. Wọn kò dúró ní kíláàsì. Wọ́n mú àgbàdo pupa wá fún àgbẹ̀ tó jẹ́ pé kòkó ló gbójú lé, wọ́n kọ́ àgbà ní ìwé kíkà, wọ́n bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ síbẹ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbẹ̀ Isoya mọ ojú àwọn olùkọ́ yẹn. Lójú tèmi, bí ẹnì kan bá ní ọ̀nà tuntun láti so yunifásítì mọ́ òwò ní Ọ̀ṣun, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ohun tí wọ́n ṣe ní Isoya, àti ohun tó mú kí iná rẹ̀ rọlẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Ní 1975 ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí a mọ̀ lónìí sí Knowledge Transfer Partnerships. Iléeṣẹ́, yunifásítì, àti ẹnì kan tó ti gboyè ló ń jọ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó gboyè yẹn ló máa ń wà ní iléeṣẹ́ náà fún ọdún kan sí mẹ́ta, tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tí olùkọ́ sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Tiwa tó sún mọ́ ọn jù ni SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iléeṣẹ́ tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá ń wá ibi tó máa ti ṣe SIWES, iléeṣẹ́ ńlá tàbí ọ́fíìsì ìjọba ló ń wá. Ta ló máa gbà kí wọ́n kọ "ìyá onídòdò, ẹ̀bá títì, Ìkirè" sínú ìwé òun?

Ó sì yẹ kí wọ́n gbà á. Ìwádìí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí òwò kéékèèké nílẹ̀ yìí ni ti Stephen Anderson àti David McKenzie, tó jáde ní 2022. Òwò 753 ni wọ́n lò. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí kíláàsì, wọ́n rán olùdámọ̀ràn sí àwọn kan, wọ́n ran àwọn kan lọ́wọ́ láti gba òṣìṣẹ́ tó mọ àkáǹtì tàbí ìpolówó ọjà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ yẹn fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìta fún àwọn kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, kíláàsì ló gbẹ̀yìn. Rírí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá wọn ṣe é kò kéré sí olùdámọ̀ràn lérè, kò sì gbà ju nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ lọ. Kí nìdí tí a fi ń retí pé kí ẹni tó ń dín nǹkan láti ìdájí tún di akáǹtì ní alẹ́? Ẹ fún un ní ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Níbi tí kò bá sì sí olùrànlọ́wọ́, ẹ kọ́ ọ ní òfin kékeré kan. Ìwádìí kan ní Dominican Republic fi hàn pé ìlànà ṣókí bíi pé kí owó ilé má wọ inú owó òwò wúlò fún ọlọ́jà kékeré ju ẹ̀kọ́ àkáǹtì kíkún lọ.

Ẹni tó máa bá a kọ ọ́ wà ní Ìkirè. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, pín ọgbà rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ èdè, ìtàn àti àṣà ló bọ́ sí Ìkirè. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa ráhùn pé ká ní ọgbà kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé wá ni, ìlú ì bá jàǹfààní. Èmi kò gbà. OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ àná, kò tó ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí Ìkirè, ibẹ̀ ni OAK-Park, ọgbà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, wà, ibẹ̀ ni àjọ NACETEM tó ti wádìí ọgbọ́n tuntun ní àwọn iléeṣẹ́ Nàìjíríà wà. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà kò jìnnà. Ohun tó le ni kí ẹnì kan gbọ́ ohun tí ọlọ́jà ń sọ, kó yí i sí ohun tí a lè kà, láìba á jẹ́. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò dáhùn" ni ìyá yẹn sọ fún mi nípa ọjà kan. Mo bi í kí ni ìyẹn. Ó ní ó pọ́n lóòótọ́, àmọ́ kò dùn, ó sì ń mu epo. Ẹni tó kọ́ èdè àti ìtàn ló máa kọ irú gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, tó sì máa béèrè oko tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti wá. Ẹni tó mú ìwé ìbéèrè elédè Gẹ̀ẹ́sì wá máa sàmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́," yóò sì kọjá sí ìbéèrè kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa gbogbo ló ń ṣe kọ́ọ̀sì ìdáṣẹ́sílẹ̀ tipátipá. Níbi púpọ̀, ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sín. Mi ò mọ ìdí tí sáà kan nínú rẹ̀ kò fi lè jẹ́ ti ọlọ́jà kan: akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọlọ́jà kan, ìwé kan, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kí ìbéèrè jẹ́ ti ọlọ́jà. Kí ìwé kù sọ́wọ́ ọlọ́jà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má gba máàkì rẹ̀ àfi tí ọlọ́jà bá lè sọ ohun tí ìwé náà kọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ìbẹ̀rù ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ sọ: agbowó orí. Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kò tíì gbàgbé Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí mú kí àgbẹ̀ gbé ìbọn. Ẹni tó bá mú bírò wá bi ọlọ́jà pé èló lo ń pa, ojú agbowó orí ni wọ́n fi ń wò ó. Òfin méjì ti yọjú báyìí tó yẹ kí yunifásítì mọ̀ dáadáa kó tó wọ ọjà. Òfin ààbò ìwífún ti 2023 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lọ lò bó ṣe fẹ́. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá máa fi hàn wọ́n pé owó tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀? Ìwé tó ń sá fún ló máa gbà á sílẹ̀.

Ní tòótọ́, àkọsílẹ̀ ti ń lọ lórí tábìlì ìyá yẹn, ẹlòmíràn ló ń kà á. Ẹ̀rọ POS kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí epo má ta sí i. Gbogbo ẹni tó fi káàdì sanwó, ọjọ́ àti wákàtí àti iye, wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ. Moniepoint àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo bí ọjà ṣe ń tà lórí ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó yá ọlọ́jà lówó. Ìyẹn náà jẹ́ ọgbọ́n, èmi kò bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tó wà ní Èkó ti mọ ọjọ́ tí dòdò Ìkirè ń tà jù, ẹni tó dín in kò mọ̀.

Mo dìde pé mo fẹ́ máa lọ. Bọ́ọ̀sì kan dúró, obìnrin kan na ẹgbẹ̀rún náírà láti ojú fèrèsé, ó fẹ́ ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìyá yẹ àpò ìdí rẹ̀ wò, ó ṣí agolo mílíìkì, kò rí nǹkan. Dírẹ́bà ti ń tẹ họ́ọ̀nù. Obìnrin náà gba owó rẹ̀ padà, bọ́ọ̀sì lọ.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó nirú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń yọ dòdò kúrò nínú epo, kò gbójú sókè. "Màámi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni."